Bí ẹ ṣe lè ra tẹlifíṣọ̀n yàrá tí kò wọ́n ní Èkó, tí ẹ kò ní kábàámọ̀ tó bá di alẹ́

Tẹlifíṣọ̀n tó ń dán gbinrin nínú ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé délé. Tí alẹ́ bá wá lẹ́, tí wọ́n pa iná yàrá, tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àṣírí á tú. Àwòrán ti ṣú, ojú àwọn tó wà nínú fíìmù ti dúdú bí èédú, tàbí kí nǹkan funfun máa tàn ní igun kan tí kò yẹ kó tàn. Gílóòbù mọ́lẹ̀ rokoṣo nínú ìsọ̀, ìdúró lẹ sì ń wò ó níbẹ̀. Inú òkùnkùn yàrá, lórí ìdùbúlẹ̀, lẹ ó ti máa lò ó. Ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò. Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa lò ó nílé ni kí ẹ ṣe dán an wò lọ́jà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ máa nílò kí ẹ tó jáde nílé

- Téèpù ìwọ̀n. Èyí tí àwọn télọ̀ ń lò ti tó.
- Fíláàṣì kan tí ẹ ti fọ́máàtì sí FAT32 (ọ̀nà kan tí fíláàṣì ń gbà to fáìlì), nítorí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pọ́ọ́kú kì í ka irú mìíràn.
- Lórí fíláàṣì náà, àwòrán márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo láti etí dé etí: funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Àpù tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí fóònù lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi fíìmù kan kún un tí ìran òru pọ̀ nínú rẹ̀.
- Fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì àti dátà.
- Owó tí ẹ ti pín. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gbèjà tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ iná, fún irin tí ẹ máa fi gbé e kọ́ ògiri, àti fún ọkọ̀. Ẹni tó kó gbogbo owó lé tẹlifíṣọ̀n nìkan, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ló máa kì í bọ̀, ìjọ́ tí iná bá ti wọlé pẹ̀lú agbára báyìí, ó parí.

1. Ẹ wọn yàrá kí ẹ tó ronú kan ọjà

Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹ ṣe máa ń jókòó tàbí dùbúlẹ̀ tí ẹ bá ń wo fíìmù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú yín dé ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa wà. Láti ojú yín ni mo wí. Púpọ̀ nínú wa ló ń wọn ògiri sí ògiri, ìyẹn sì máa ń fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàn wá jẹ.

Tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 24 dára tí ojú yín bá jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5. Ínǹṣì 32 fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 àbọ̀. Ínǹṣì 43 fẹ́ nǹkan bí 5 àbọ̀ sí 9. Ní yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Muṣin, Agége tàbí Sùúrùlérè, tí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní apá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ bàtà 7 ló sábà máa ń kù. Ínǹṣì 32 ṣì lè ṣe é níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà díẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ á fẹ́ràn 43. Bó bá jẹ́ ara ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ gbé e kọ́, 32 ti tó, kí ẹ má ṣe tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìbú ibi tó máa wà. Ínǹṣì tí wọ́n ń pè yẹn, láti igun kan sí igun kejì ni, kì í ṣe ìbú. Tẹlifíṣọ̀n 32 fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 71, 43 sì fẹ̀ tó 95, ẹ kò tíì ka férémù rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ bí ẹ bá lè ṣílẹ̀kùn wọ́dúróòbù láìkan àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn, tí fèrèsé kò sì kọjú sí i tààrà.

2. Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa sanwó fún àti ohun tí ẹ kò ní sanwó fún

Ní Èkó, gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ la ń pè ní pílásímà. Ojúlówó pílásímà ti kúrò lójú agbo láti nǹkan bí ọdún 2014 tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ó wúwo, ó ń gbóná, ó sì ń jẹ iná. Bí wọ́n bá fi tòkunbọ̀ rẹ̀ hàn yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. LED, irú èyí tí gílóòbù wẹ́wẹ́ ń tànmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú rẹ̀, lẹ fẹ́.

Bí àwòrán ṣe mọ́ sí (iye àmì wẹ́wẹ́ tó wà níbùú × lóròó): HD lásán jẹ́ 1366 × 768, Full HD jẹ́ 1920 × 1080, 4K jẹ́ 3840 × 2160. Fún ínǹṣì 32 tí ẹ máa fi dẹ̀kódà wò, HD lásán kò burú láti ẹsẹ̀ bàtà 6. Bí ẹ bá máa so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, tí ẹ fẹ́ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́, ẹ wá Full HD. 4K nínú ínǹṣì 32, owó tí ojú kò ní rí ni.

Ní ti smart, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tó lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì àti àpù fúnra rẹ̀, èrò mi nìyí, mo sì dúró lé e: fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n tó dára tí kì í ṣe smart sàn ju smart tí ojú rẹ̀ kò dára. Smart pọ́ọ́kú máa ń lọ́ra, àpù inú rẹ̀ sì lè má gba àtúnṣe mọ́ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Tí owó bá wọlé lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè ra ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI (ihò tí wáyà dẹ̀kódà ń wọ̀), tẹlifíṣọ̀n yín á di smart. Ojú tí kò dára, kò sí ọ̀pá tó lè tún un ṣe. Ẹ rántí dátà náà: Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan lè jẹ nǹkan bí GB 1 tí àwòrán bá kéré, ó sì lè tó GB 3 tó bá jẹ́ HD.

Ohun tó yẹ kí ẹ takú lé ni ihò HDMI méjì ó kéré tán, USB kan, àti ihò ẹ́píìsì. Ti ẹ́píìsì yìí, àwọn oníṣòwò kì í dárúkọ rẹ̀, àmọ́ nínú yàrá tí ẹnì kan ti ń sùn tí ẹnì kejì ń wo bọ́ọ̀lù, òun ló ń dá àlàáfíà sílẹ̀.

3. Tuntun àbí tòkunbọ̀?

Bí owó yín bá gbé tuntun ínǹṣì 32 tó ní gáráǹtì, ẹ ra tuntun. Bí kò bá gbé e, tòkunbọ̀ tó dára wà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀ rárá.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ agbára iná sí. Bó bá jẹ́ 100-240V, 50/60Hz, ó bá iná wa mu. Bó bá jẹ́ 220-240V, 50Hz, òun náà dára, irú èyí tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì wá nìyẹn. Bó bá jẹ́ 120V nìkan tàbí 100V nìkan, ti Amẹ́ríkà tàbí Jàpáànù ni, tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín báyìí, ó máa jó. Oníṣòwò á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ iná kalẹ̀. Ẹ má gbà. Ọjọ́ kan ni àlejò tàbí ọmọdé máa yọ ọ́ kì í bọ ibòmíì.

Ẹ tún wo orí àwọn síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Síkúrù tí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn, ojú rẹ̀ máa ń dán, igun rẹ̀ á sì mú. Èyí tí wọ́n ti ń tú, etí rẹ̀ á ti jẹ, dúdú ara rẹ̀ á ti bó, á ku funfun irin. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ́ẹ̀, wọ́n ti tú u ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní kí ni wọ́n ṣe. Bí ìdáhùn kò bá já gaara, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.

4. Nínú ọjà

Alábà ní Ọjọ́ ni ọjà ẹ̀rọ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ láti fi wéra. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ lè ní àyè dán ọjà wò láìsí pé ilẹ̀ ń ṣú bá yín. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fa èèyàn lápá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ. Owó tiwọn náà wà lórí ọjà tí wọ́n bá mú yín lọ rà.

Ọ̀nà tí èèyàn máa ń gbà ṣìnà jù níbí ni pé wọ́n á fi èyí tó wà lára ògiri hàn yín, á dùn ún wò, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé páálí mìíràn wá láti inú ilé ìkẹ́rùsí. Èyí tí ẹ dán wò lẹ máa gbé lọ. Bó bá jẹ́ inú páálí ló wà, kí wọ́n tú páálí náà lójú yín, kí ẹ tan èyí tó jáde níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà síríà (serial number) tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí.

Ẹ wá na téèpù láti igun gíláàsì tó ń tàn dé igun kejì. Ínǹṣì 32 gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 80 sí 81. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú Google lórí fóònù yín, kí ẹ ka bóyá Full HD tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ bá ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe é sọ mu. Ìwé àlẹ̀mọ́ kò níye lórí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́.

5. Ìdánwò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀gá, mo máa dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó bá dára mo máa rà á." Ẹni tó bá kọ̀, ọjà rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹ má fi fídíò tiwọn dán an wò. Fídíò òdòdó àti ẹja aláràbarà tó máa ń wà nínú ìsọ̀, wọ́n ṣe é kó lè dùn ún wò lórí ohunkóhun ni. Ẹ kì fíláàṣì tiyín bọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí àwòrán funfun. Ẹ wò ó bóyá igun kan ṣú ju èkejì lọ, bóyá ìlà wà níbùú tàbí lóròó, bóyá ibì kan pọ́n tàbí dà bí ẹni pé omi wọ ibẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín bí irun ti tó láti fi í sílẹ̀, nítorí ìlà kì í padà lẹ́yìn, ńṣe ló máa ń bí òmíràn.

Ẹ ṣí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa kí ẹ wá àmì kékeré tó kọ̀ tí kò yí àwọ̀ padà. Ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ kò lè dí yín lọ́wọ́ oorun, ẹ fi ná ọjà. Tó bá wà láàárín, ojú yín á máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo alẹ́.

Ẹ wá ṣí àwòrán dúdú. Ẹ ní kí wọ́n pa gílóòbù ìsọ̀, tàbí kí ẹ ta aṣọ bo orí yín àti tẹlifíṣọ̀n náà pọ̀ bí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ti ń ṣe. Kí ojú yín ko òkùnkùn náà fún ìṣẹ́jú kan.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Tòkunbọ̀ ínǹṣì 32 kan ni mo rà fún yàrá màmá mi ní Muṣin. Nínú ìsọ̀, ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń wọlé, n kò rí àbùkù kankan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a pa iná, fíìmù dé ibi tí wọ́n ti ń rìn nínú igbó lóru, màmá bá ní, "Ọmọ mi, òṣùpá mélòó ló wà nínú fíìmù yìí?" Mo wò ó. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nǹkan funfun róbótó kan ń tàn, ó tó ojú owó kọ́bọ̀, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ẹni pé tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn aṣọ. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, wọ́n ti di mẹ́rin. Ẹni tó tú u fún mi fi hàn mí: inú tẹlifíṣọ̀n LED, àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tò sẹ́yìn gíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdérí ike kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká. Ohun tí wọ́n fi lẹ ìdérí náà ti gbẹ, ooru ti mú un, ìdérí já bọ́, ìmọ́lẹ̀ wá ń gún gíláàsì lójú kan. Bí ọ̀kan bá ti já, àwọn yòókù wà lọ́nà. Bí mo bá ti ta aṣọ bo orí mi fún ìṣẹ́jú kan péré nínú ìsọ̀ yẹn, màmá mi kì bá tí fi oṣù mẹ́ta wo òṣùpá.

Lẹ́yìn dúdú, ẹ fi fíìmù òru sí i. Ẹ wò ó lórí ìdúró, lẹ́yìn náà ẹ lóṣòó wálẹ̀ títí ojú yín á fi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ ń wo òkè. Ẹ rìn lọ sí apá ọ̀tún, ẹ rìn lọ sí apá òsì. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní TN máa ń dúdú, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà bí ẹ bá ti lóṣòó. IPS máa ń dúró bó ṣe wà níbi gbogbo, àmọ́ dúdú rẹ̀ máa ń fara jọ eérú. VA ní dúdú tó jinlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kò fẹ́ kí wọ́n ti wo òun. Fún yàrá tí èèyàn méjì ti ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, IPS ni màá mú. Ẹ má retí kí oníṣòwò mọ orúkọ wọ̀nyí, ìlóṣòó yín máa sọ èyí tó jẹ́.

Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ẹ dán gbogbo ihò HDMI wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì rìmóòtù, ẹ gbé ohùn sókè kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Kó gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró, ìyẹn burú. Ẹ pa á, ẹ tàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ohùn bá ń jáde tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́: bí ẹ bá rí àwòrán tó ń mì wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti kú. Ẹ gbé e sílẹ̀.

Ó yege bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé tí kò pa ara rẹ̀, tí dúdú dúdú níbi gbogbo, tí ẹ sì ń dá ojú àwọn inú fíìmù mọ̀ lórí ìlóṣòó.

6. Owó àti rìsíìtì

Ẹ ná ọjà lẹ́yìn ìdánwò, kì í ṣe ṣáájú. Àbùkù kéékèèké tí ẹ rí ló máa bá yín ná an. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìsọ̀, módẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà síríà, bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ fi lè gbé e padà. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ bí ìwé wọn kò bá ní àyè fún un.

Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò kí ẹ tó rà á, ó ní kí olùtajà fún yín ní àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rà, ó sì ní kó sọ ọ́ kedere bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún oníbàárà, ló ń bójú tó òfin náà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tiẹ̀ fún oníbàárà, LASCOPA.

7. Gbígbé e délé

Ìnàró ni kí ó wà. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, kòtò kan péré ní òpópónà Badagry ti tó láti fọ́ gíláàsì rẹ̀, páálí kò sì ní fi àmì kankan hàn. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn àga, kí ẹ di páálí náà mú fúnra yín. Bí òjò bá pa á tàbí tí ẹ gbé e jáde láti inú ìsọ̀ tó tutù, ẹ fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ dáadáa kí ẹ tó tàn án.

8. Nínú yàrá

Bí ẹ bá máa gbé e kọ́, ẹ wọn àárín ihò mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ra irin. Ó lè jẹ́ mílímítà 100 sí 100, 200 sí 100 tàbí 200 sí 200. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹnì kan gbé e sókè sódò títí ọrùn yín á fi rọ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n lu. Bí ẹ bá gbé e sókè bíi ti ilé ìtura, ọrùn ló máa sanwó rẹ̀.

Ìsọ̀ máa ń fi àwòrán sí Dynamic tàbí Vivid. Ẹ yí i sí Movie tàbí Cinema, kí ẹ dín iná ẹ̀yìn rẹ̀ kù fún alẹ́. Ojú yín á sinmi, kò sì ní jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá Sleep Timer kí ó lè pa ara rẹ̀ tí oorun bá gbé yín lọ.

Ínǹṣì 32 LED sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50. Wákàtí 5 lálẹ́, yúnìtì 7 àbọ̀ ni lóṣù lórí mítà. Bátìrì ínfátà 12V, 100Ah tí ẹ kò fà ju ìdajì lọ máa gbé e fún nǹkan bí wákàtí 10, tí fáànù kò bá sí lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour", ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ balẹ̀ kí ẹ tó kì tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kí epo tó gbẹ, nítorí ìgbà tó bá ń kú lọ gan-an ni iná rẹ̀ máa ń fò. Tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí iná bá dé, ẹ ka ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ pa iná yàrá, ẹ ṣí àwòrán dúdú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi fíìmù òru wò ó láti orí ìrọ̀rí. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ kò rí lọ́jà, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ má dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà: tẹlifíṣọ̀n, páálí, rìmóòtù àti rìsíìtì.